Ta ni “Ìyàwó Gómìnà”? Ìbéèrè àti ìdáhùn lórí orúkọ tí àwọn oníròyìn ń pe aya olóṣèlú

Iṣẹ́ mi ni kí n máa gba ìròyìn tó bá wọlé lédè Gẹ̀ẹ́sì, kí n sọ ọ́ di Yorùbá fún àwọn tó ń gbọ́ rédíò ní Ògbómọ̀ṣọ́ àti agbègbè rẹ̀. Ọ̀rọ̀ orúkọ àwọn ìyàwó olóṣèlú kì í tán nínú ìbéèrè tí àwọn olùgbọ́ ń fi ránṣẹ́. Mo ṣa díẹ̀ nínú wọn síbí.

Ẹ̀gbọ́n, mo dúró níbi tí wọ́n ti ń ta ìwé ìròyìn ní Tákié. Fọ́tò obìnrin kan náà wà nínú ìwé ìròyìn mẹ́ta, orúkọ tó wà lábẹ́ rẹ̀ ò sì jọra wọn. Èwo ni ká gbà gbọ́?

Ó ṣeé ṣe kí gbogbo wọn jẹ́ òótọ́. Bí ìyàwó gómìnà bá pín ẹ̀rọ ìránṣọ fáwọn opó lónìí, akọ̀wé ìròyìn rẹ̀ á ti fi àtẹ̀jáde ránṣẹ́ kí ilẹ̀ tó ṣú. Oyè ló máa ń ṣáájú nínú àtẹ̀jáde bẹ́ẹ̀: Ọlọ́lá Jùlọ, Olóyè, Ẹnjiníà, Mísíìsì, kí orúkọ tó wá yọjú. Oníròyìn tí kò ráyè á dà á kọ bó ṣe wà. Olóòtú ibòmíràn á wo àyè tó kù fún àkọlé, á rí i pé ọ̀rọ̀ mẹ́rin péré ló lè gbà, á sì kọ “Ìyàwó Gómìnà”. Ẹlòmíràn mọ̀ pé orúkọ ọkọ làwọn èèyàn ń tẹ̀ sínú Google, ìyẹn ló ṣe máa kọ “Ìyàwó Lágbájá”.

Ẹ jẹ́ ká mú ìpínlẹ̀ wa. Ìyàwó Gómìnà Ṣèyí Mákindé, tó gba ìjọba ní 2019, ń jẹ́ Tamunominini. Ìyàwó Abíọ́lá Ajímọ̀bí, tó ṣèjọba láti 2011 títí di 2019, ń jẹ́ Florence. Bí ìwé ìròyìn 2018 bá kọ “Ìyàwó Gómìnà Ọ̀yọ́”, tí ti 2020 náà kọ ohun kan náà láìdárúkọ, ẹni tó bá ń ṣèwádìí lọ́jọ́ iwájú á rò pé ẹnì kan ṣoṣo ló ń ṣe gbogbo rẹ̀.

Ṣé òfin ló ní ká máa pe ìyàwó Ààrẹ ní First Lady?

Rárá o. Ẹ ka ìwé òfin Nàìjíríà ti 1999 tán, ẹ ò ní bá ipò yẹn níbẹ̀. Maryam Babangida ló sọ ọ́ di ńlá lójú aráyé, pàápàá pẹ̀lú ètò Better Life for Rural Women tó bẹ̀rẹ̀ ní 1987. Nígbà tí Buhari wọlé ní 2015, Aisha ìyàwó rẹ̀ ní ìyàwó Ààrẹ ni kí wọ́n máa pe òun. Ní oṣù Kẹfà ọdún 2019, òun fúnra rẹ̀ ló ní kí wọ́n padà sí First Lady, pé ọ̀rọ̀ náà ti ń da àwọn èèyàn rú ní àwọn ìpínlẹ̀, wọn ò mọ èyí tí wọn ì bá máa pe ìyàwó àwọn gómìnà.

Orúkọ ọkọ tí ìyàwó ń jẹ́ yìí, ṣé àṣà Yorùbá ni?

Kì í ṣe látilẹ̀wá. Nílé ọkọ, “Ìyàwó” ni wọ́n ń pe obìnrin títí tó fi bímọ, á wá di Ìyá Lágbájá. Àbẹ̀kẹ́ tàbí Àṣàkẹ́ tí wọ́n ń kì í nílé bàbá rẹ̀ kò kúrò lára rẹ̀ títí dọjọ́ alẹ́. Ṣọ́ọ̀ṣì, ilé ìwé àti ìwé ìjọba ló mú àṣà òyìnbó wọlé, pé kí obìnrin fi orúkọ bàbá rẹ̀ sílẹ̀ lọ́jọ́ ìgbéyàwó. Kò sì sí òfin kan ní Nàìjíríà tó sọ ọ́ di dandan títí di òní.

Gbogbo ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ ló mọ Samuel Ládòkè Akíntọ́lá, olórí ìjọba Ìwọ̀ Oòrùn tí wọ́n pa ní oṣù Kìíní ọdún 1966. Orúkọ rẹ̀ wà lára géètì yunifásítì wa. Fadérera ni ìyàwó rẹ̀ ń jẹ́, nọ́ọ̀sì ni. Ẹ bi àwọn ọmọ LAUTECH tó ń kọjá lẹ́nu géètì yẹn lójoojúmọ́, kí ẹ wo iye tó máa dárúkọ rẹ̀. Ó máa ń dùn mí.

Olóṣèlú tó bá láya púpọ̀ ńkọ́?

Ẹ rántí M.K.O. Abíọ́lá. Ta ni ì bá mọ ẹni tí wọ́n ń sọ, ká ní “Ìyáàfin Abíọ́lá” nìkan ni àwọn oníròyìn ń kọ? Wọ́n ní láti máa dárúkọ: Simbiat, Kudirat, Doyin. Doyin fúnra rẹ̀ olóòtú ni, ọ̀mọ̀wé ni, ó sì di ọ̀gá níléeṣẹ́ ìwé ìròyìn Concord. Kudirat ni wọ́n yìnbọn pa ní Èkó lọ́jọ́ 4 oṣù Kẹfà ọdún 1996, nígbà tí ọkọ rẹ̀ wà látìmọ́lé, nítorí pé kò panu mọ́ lórí ìbò June 12. Orúkọ Kudirat gan-an ló wà lára títì kan ní Èkó lónìí.

Bí wọ́n bá ń ròyìn ààfin Ọ̀yọ́ náà, oníròyìn mọ̀ ọ́n ṣe dáadáa. Nígbà ayé Aláàfin Làmídì Adéyẹmí, wọ́n á kọ “Olorì”, orúkọ obìnrin náà á sì tẹ̀lé e, torí pé ayaba pọ̀ láàfin. Ohun tí wọ́n lè ṣe fún aya ọba, mi ò rí ìdí tí wọn ò fi lè ṣe é fún aya olóṣèlú.

Lórí rédíò, ẹ ó ní “Tinúbú sọ pé”. Mi ò kì í mọ̀ bóyá ọkọ ni àbí ìyàwó.

Ẹ̀bi kò sí lọ́dọ̀ yín rárá. Bí Gẹ̀ẹ́sì bá pe orúkọ ìdílé lẹ́ẹ̀kan, á máa fi “she” ṣàlàyé lọ, kò sì sẹ́ni tó máa ṣì í gbọ́. “Ó” kan náà làwa ní fún ọkùnrin àti obìnrin. Ká tún wá bọ̀wọ̀ fún àgbà, ó di “wọ́n”, “wọ́n” yìí sì tún lè jẹ́ tọkọtaya lápapọ̀. Ẹ gbọ́ gbólóhùn yìí: “Wọ́n ní àwọn á padà wá lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀.” Ta ló ń padà bọ̀? Ìyá tó ń tajà ní Ọjà Jágun kò lè ṣí ojú ewé padà sẹ́yìn, ẹ̀ẹ̀kan ló gbọ́ ọ.

Ohun tí mo ń ṣe ni pé mò ń dá orúkọ padà sí gbogbo ibi tí Gẹ̀ẹ́sì ti yọ ọ́. Olúrẹ̀mí Tinúbú ṣojú Àárín Gbùngbùn Èkó nílé ìgbìmọ̀ aṣòfin àgbà láti 2011 sí 2023, nítorí náà “Sẹ́nétọ̀ Olúrẹ̀mí” ni mo máa ń wí, láti ìbẹ̀rẹ̀ ìròyìn dé òpin.

Ṣé àwọn òyìnbó ò ní wàhálà yìí ni?

Wọ́n ní in gan-an. Hillary Clinton ṣègbéyàwó pẹ̀lú Bill ní 1975, kò sì fi Rodham tí í ṣe orúkọ bàbá rẹ̀ sílẹ̀. Ọkọ rẹ̀ fìdí rẹmi nínú ìbò gómìnà Arkansas ní 1980, àwọn kan sì ní orúkọ ìyàwó wà lára ohun tó bí olùdìbò nínú. Nígbà tí ọkọ tún jáde ní 1982, Hillary bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ́ Clinton. Ní 1984, Geraldine Ferraro díje fún ipò igbákejì Ààrẹ Amẹ́ríkà. Zaccaro ni ọkọ rẹ̀ ń jẹ́, Ferraro sì ni bàbá tó bí i, síbẹ̀ New York Times ń pè é ní Mrs. Ferraro, bí ẹni pé bàbá rẹ̀ ló fẹ́ ẹ. Ìgbà tó di 1986 ni ìwé ìròyìn náà tó gba Ms. wọlé, èyí tí kò sọ bóyá obìnrin ti lọ́kọ tàbí kò tíì ní. Ní Áfíríkà wa, Graça Machel fẹ́ Mandela ní 1998, ṣùgbọ́n orúkọ ọkọ rẹ̀ àkọ́kọ́, Ààrẹ Mòsáńbíìkì tó dolóògbé, ló ń jẹ́ títí dòní. Àwọn oníròyìn tẹ̀lé e bẹ́ẹ̀.

Ẹ jọ̀ọ́ sà, ṣé kì í ṣe àfojúdi ni kéèyàn máa dárúkọ ìyàwó àwọn àgbà?

Ọ̀rọ̀ yìí ló jẹ mí lógún jù lọ. Ẹ fi Ìyáàfin tàbí Olóyè ṣáájú orúkọ, àfojúdi ti kúrò níbẹ̀. Ọ̀pọ̀ ìyàwó gómìnà ló ní ọ́fíìsì, ọkọ̀ àti òṣìṣẹ́ tó ń gbowó ìlú. Wọ́n ń ṣèlérí kànga fún abúlé, wọ́n ń ṣèlérí ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ fún ọmọ òrukàn. Bó bá jẹ́ “Ìyàwó Gómìnà” nìkan ló wà nínú ìròyìn, ọjọ́ tí sáà ọkọ bá tán, ìlérí ti di aláìlólúwa, nítorí ẹlòmíràn ti wà nípò yẹn. Bẹ́ẹ̀ náà ni iṣẹ́ rere rẹ̀ á bọ́ sọ́wọ́ ẹni tí kò ṣe é. Mo kọ̀ láti gbà pé ọ̀wọ̀ nìyẹn.

Àmọ́ o, ìyàwó tí kò bá wọn dá sí òṣèlú, tó ń bá ọjà tàbí iṣẹ́ olùkọ́ tirẹ̀ lọ jẹ́ẹ́jẹ́, ẹ fi sílẹ̀. Pé wọ́n fẹ̀sùn kan ọkọ kò sọ pé kí fọ́tò ìyàwó wà lójú ewé àkọ́kọ́.

Èmi ni akọ̀wé ẹgbẹ́ wa, ìyàwó alága káńsù ń bọ̀ níbi ayẹyẹ wa. Báwo ni kí n ṣe kọ ọ́?

Ẹ kọ́kọ́ bi òun fúnra rẹ̀ bó ṣe ń kọ orúkọ rẹ̀, ẹ má bi ọ̀rẹ́ ọkọ. Ẹ kọ ọ́ ní kíkún lẹ́ẹ̀kan, pẹ̀lú oyè kan ṣoṣo tó bá tọ́ sí i. Ẹ sọ pé aya alága ni, lẹ́yìn ìyẹn, kí ẹ máa lo orúkọ tirẹ̀ lọ. Bí kì í bá ṣe orúkọ Yorùbá, ẹ ní kó pè é sí yín létí, kí ẹni tó máa di gbohùngbohùn mú lọ́jọ́ náà lè pè é bó ṣe yẹ.