Ètò ìkọ̀wé kọ̀ǹpútà fún títẹ orin pẹ̀lú LilyPond

LilyPond jẹ́ ètò kọ̀ǹpútà fún títẹ ìwé orin, tí Han-Wen Nienhuys àti Jan Nieuwenhuizen bẹ̀rẹ̀ ní 1996. Ọ̀rọ̀ lásán ni wọ́n ń kọ sínú fáìlì .ly, LilyPond á sì sọ ọ́ di PDF. Nítorí náà, ọwọ́ ètò ìkọ̀wé (ètò tí a fi ń tẹ ọ̀rọ̀ sínú fáìlì) ni ìrọ̀rùn iṣẹ́ náà wà. Frescobaldi ni wọ́n dìídì ṣe fún LilyPond. Emacs àti Vim, ètò ìkọ̀wé gbogboogbò, náà ní àfikún tiwọn.

Fún olùdarí akọrin tó ń tẹ orin Yorùbá ohùn mẹ́rin ní Àkúrẹ́ tàbí Oǹdó, ọ̀rọ̀ orin sábà máa ń yọni lẹ́nu ju nóòtì lọ. Kóòdù Unicode (nọ́ńbà tí kọ̀ǹpútà fi mọ lẹ́tà) kan ṣoṣo ni «é» ní, ṣùgbọ́n «ẹ́» kò ní tirẹ̀: ẹ (U+1EB9) ni, tí àmì òkè (U+0301) tẹ̀ lé. Bọ́tìnì ìkọ̀wé mìíràn á kọ é, á wá fi àmì ìsàlẹ̀ (U+0323) sí i. Ojú kò rí ìyàtọ̀, àmọ́ bí a bá wá ọ̀rọ̀ náà nínú fáìlì, a lè má rí i. Kí ètò ìkọ̀wé yí gbogbo rẹ̀ sí NFC (ìlànà Unicode tó ń sọ ọ̀nà kíkọ lẹ́tà kan náà di ọ̀kan), kó sì fi UTF-8 (ọ̀nà tí fáìlì ń gbà tọ́jú lẹ́tà) pa á mọ́. Bí àmì ohùn bá yẹ̀ kúrò lórí lẹ́tà nínú PDF, fọ́ǹtì ni ká yí padà. Charis SIL máa ń gbé àmì méjèèjì dáadáa.

Àlàfo gbọ́dọ̀ wà ní iwájú àti ẹ̀yìn àmì tó ń pín sílébù:

Jé -- sù ń bọ̀

Nóòtì mẹ́rin nìyẹn, torí «ń» ní tirẹ̀. Bí a bá kọ «Jé--sù», LilyPond á kà á sí sílébù kan, gbogbo èyí tó kù á sì sún síwájú. Ó yẹ kí ètò ìkọ̀wé fi àwọ̀ ọ̀tọ̀ hàn àmì -- náà.

Ẹni tó mọ sol-fa lè lo \language "italiano", kó máa kọ do, re, mi. «Si» ló dúró fún t. Ṣùgbọ́n do yìí kì í rìn, C ni nígbà gbogbo. Ẹ kọ orin ní do, kí ẹ wá fi \transpose do fa gbé e lọ sí F.

Àkámọ́ } tó sọnù nínú áltò lè mú kí LilyPond pe àṣìṣe ní ìparí fáìlì, níbi tí kò sí nǹkan kan. Ètò tó ń tọ́ka sí ìkejì àkámọ́ ló ń gbani níbẹ̀. Àmì | ní ìparí báà kọ̀ọ̀kan náà á fi báà tí iye rẹ̀ kò pé hàn.

Títẹ nóòtì nínú PDF lè gbéni padà sí ibi tí wọ́n ti kọ ọ́. Ìjápọ̀ yìí ń gbé orúkọ àti ibùgbé fáìlì dání, ó sì ń mú PDF tóbi sí i. Ẹ fi \pointAndClickOff sínú fáìlì .ly kí ẹ tó ṣe PDF tí ẹ máa fi ránṣẹ́ sí àwọn akọrin.