Bí Òrí Ṣe Ń Tu Awọ Tó Ń Yún Lára

Ẹni tó bá ti tọ́ ọmọ tí ẹ́kísímà ń bá fínra mọ bí èékánná ṣe ń dún lórí awọ gbígbẹ lóru. Oorun á gbé ọmọ lọ, ọwọ́ rẹ̀ kò ní sinmi. Kí ilẹ̀ tó mọ́, ẹ̀yìn orúnkún, ọrùn àti ibi tí apá ti ń ká á ti bó. Lára aláwọ̀ dúdú, kì í sábà pọ́n. Ṣe ni ojú ibẹ̀ ń dúdú sí i tàbí kó rí bí eérú, kó sì yọ kókó wẹ́wẹ́. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi máa ń pè é ní làpálàpá tàbí kúrúnà, tí wọ́n á sì fi oògùn àìsàn kan wo òmíràn.

Àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta kì í ṣe ọmọ ìyá. Ohun tó ń fa làpálàpá bá èyí tó ń mú kí búrẹ́dì bu tan. Kòkòrò tíntìntín tó ń gbẹ́ ihò sínú awọ ló ń fa kúrúnà. Ẹ́kísímà ní tirẹ̀ kì í ràn. Awọ ara fúnra rẹ̀ ni kò dí dáadáa. Ẹ wo amù alámọ̀, bí omi inú rẹ̀ ṣe máa ń sun jáde díẹ̀díẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni omi ń sun kúrò lára ẹni tó ní ẹ́kísímà, tí awọ á fi gbẹ tí á sì sán. Ojú ibi tí omi ń gbà jáde náà ni eruku, ọṣẹ àti lọ́fínńdà ń gbà wọlé. Ara á dìde ìjà sí wọn, ibẹ̀ á wú, á gbóná, á máa yún. Ó máa ń rìn nínú ẹbí, pàápàá ìdílé tí ikọ́ fée bá wà.

Dídí ojú tó ń jò ni iṣẹ́ àkọ́kọ́, iṣẹ́ yìí sì ni òrí mọ̀ ọ́n ṣe. Àwọn obìnrin tó ń ṣe é ní Ṣakí, Ìgbẹ́tì àti àwọn ìlú Kwara á sá kóró èso rẹ̀, wọ́n á pa á, wọ́n á yan án, wọ́n á lọ̀ ọ́ kúnná, wọ́n á sì fi omi pò ó. Wọ́n á máa fọwọ́ lù ú títí ọ̀rá funfun á fi léfòó. Wọ́n á kó ọ̀rá yìí sórí iná títí omi á fi gbẹ. Tó bá tutù, á dì. Síbẹ̀, ooru àtẹ́lẹwọ́ ti tó láti yọ́ ọ. Bó bá kan ara, á tẹ́ bo ojú awọ, omi kò ní rí ọ̀nà sá. Àwọn èròjà kan tún wà nínú rẹ̀, lupeol wà lára wọn, tó ń mú kí wíwú rọlẹ̀.

Àsìkò tí a fi í pa ara ló ṣe kókó jù. Òrí kì í fún ara lómi. Omi tó bá bá lára ló ń sé mọ́. Ìwẹ̀ kúkúrú pẹ̀lú omi lọ́wọ́ọ́wọ́, kí a fi aṣọ ìnura tẹ ara láì fà á, kí a sì fi òrí pa á kó tó gbẹ tán. Nígbà ọyẹ́, kí a fi òrí pa ara lẹ́ẹ̀mẹta lójúmọ́ kò pọ̀ jù.

Àdín àgbọn náà dára. Nǹkan bí ìdajì ọ̀rá inú rẹ̀ jẹ́ lauric acid, tó ń gbógun ti Staphylococcus aureus, bakitéríà tó máa ń pọ̀ lórí awọ ẹlẹ́kísímà.

Ibi ìwẹ̀ gan-an ni ìfẹ́ òbí ti máa ń ṣe ìpalára. Wọ́n á mú kànrìnkàn tuntun, wọ́n á bu ọṣẹ dúdú sí i, wọ́n á fi bó ọmọ pé kí ìdọ̀tí tó ń yún un kúrò. Ẹ́kísímà kì í ṣe ìdọ̀tí rárá. Eérú èèpo kòkó àti ti ọ̀gẹ̀dẹ̀ ni wọ́n fi ń ṣe ọṣẹ náà, eérú yìí ló sì fún un lágbára. Lórí òṣùwọ̀n pH, tó ń sọ bí nǹkan ṣe kan tó tàbí bó ṣe ta bí omi eérú tó, awọ ara wà ní nǹkan bíi 5. Ọṣẹ dúdú sábà máa ń wà láàárín 9 sí 10. Ìwọ̀nba ọ̀rá tó kù lára ọmọ ló ń fọ̀ dànù, kànrìnkàn á wá ha ìyókù.

Ewé àsúnwọ̀n òyìnbó ń ṣiṣẹ́ gidi lórí làpálàpá. Imí ọjọ́ tí a pò mọ́ àdín ń pa kòkòrò kúrúnà. Ìta lásán ni wọ́n máa ta ẹlẹ́kísímà. Ọsàn wẹ́wẹ́ burú jù: bí oòrùn bá pa ibi tí omi rẹ̀ kàn, ó lè lé ròrò, kí ojú ibẹ̀ sì dúdú fún ọ̀pọ̀ ọ̀sẹ̀. Òróró dongoyaro kò gbọdọ̀ dé ẹnu ọmọ ọwọ́, májèlé ni fún un.

Ìpara inú ike tí kò lórúkọ, tí wọ́n ní ewé àti egbò nìkan ni, tó sì mú ara jọ̀lọ̀ láàárín ọjọ́ méjì, ẹ fura sí i. Ewé kì í yára tó bẹ́ẹ̀. Ó ṣeé ṣe kó jẹ́ sítẹ́rọ́ìdì, oògùn òyìnbó tó ń mú kí wíwú rọlẹ̀ kíá, ni wọ́n pò mọ́ ọn. Dókítà náà máa ń lo sítẹ́rọ́ìdì, àmọ́ ó mọ iye àti ọjọ́ tí yóò lò ó, torí pé bó bá pẹ́ lára, awọ á fẹ́lẹ́.

Bí ojú ibẹ̀ bá ń ṣọyún, tó ń sé èépá aláwọ̀ oyin, tàbí tí ibà bá dé sí i, ilé ìwòsàn ni kí wọ́n gbé ọmọ lọ lọ́jọ́ náà gan-an.