Bí Ẹ̀jẹ̀ Ṣe Ń Tú Àṣírí Àrùn Alzheimer

Bí àgbàlagbà bá ń gbàgbé orúkọ ọmọ tó bí, tó ń ṣìnà nínú àdúgbò tó ti ń gbé tipẹ́, ọjọ́ orí nìkan kọ́ ló fà á. Àrùn Alzheimer ló sábà máa ń wà nídìí rẹ̀, ó sì lè ti wà nínú ọpọlọ fún bí ọdún 15 sí 20 kí ará ilé tó fura. Láàárín àkókò yẹn, purotéènì kan tí wọ́n ń pè ní amyloid ń ṣù jọ sáàárín àwọn sẹ́ẹ̀lì ọpọlọ, òmíràn tó ń jẹ́ tau sì ń lọ́ pọ̀ nínú sẹ́ẹ̀lì gan-an. Alois Alzheimer, dókítà ará Jámánì, ṣàpèjúwe wọn ní 1906 lẹ́yìn tó yẹ ọpọlọ aláìsàn rẹ̀ tó ti kú wò. Nígbà tó yá, ẹ̀rọ PET tó ń ya àwòrán ọpọlọ dé, wọ́n sì tún ń fi abẹ́rẹ́ fa omi láti ọ̀pá ẹ̀yìn. Owó ńlá ni àkọ́kọ́. Ẹ̀rù èkejì ń ba ọ̀pọ̀ èèyàn.

Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi yíjú sí àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀. Ẹ̀jẹ̀ rọrùn láti gbà, ṣùgbọ́n ohun tí wọ́n ń wá nínú rẹ̀ kéré kọjá àfẹnusọ. Èyí tó wúlò jù nínú wọn, p-tau217, kì í sábà tó píkógíráàmù kan (ìdá kan nínú tírílíọ̀nù gíráàmù kan) nínú mìlílítà kan. Tau ni, àmọ́ èròjà kẹ́míkà tó ń jẹ́ fọ́síféètì ti so mọ́ ọn ní ipò 217 lára rẹ̀. Bí amyloid bá ti ń ṣù jọ, irú tau yìí máa ń pọ̀ sí i, díẹ̀ lára rẹ̀ sì ń bọ́ sínú ẹ̀jẹ̀.

Ọ̀rọ̀ amyloid fúnra rẹ̀ yàtọ̀. Bí pàǹtí bá há sójú gọ́tà lókè, ìwọ̀nba ni yóò ṣàn dé ìsàlẹ̀. Irú amyloid kan, amyloid 42, tó lẹ̀ mọ́ ọpọlọ kò lè dé inú ẹ̀jẹ̀ mọ́, nítorí náà ṣe ló ń dín kù níbẹ̀. Ṣùgbọ́n àwọn ẹ̀yà ara mìíràn náà ń ṣe é, ìdí nìyẹn tí àdínkù rẹ̀ kì í fi hàn gbangba. Ọgbọ́n tí wọ́n dá ni pé kí wọ́n fi amyloid 42 pín p-tau217: ọ̀kan ń lọ sókè, èkejì ń lọ sílẹ̀, ìyàtọ̀ náà á wá hàn dáadáa.

Nínú láàbù, wọ́n á fi ẹ̀jẹ̀ náà pòòyì nínú ẹ̀rọ títí omi rẹ̀ tó pọ́n rúsúrúsú yóò fi dá dúró lókè. Kò gbọ́dọ̀ pẹ́ nínú ooru, torí amyloid máa ń bàjẹ́. Lẹ́yìn náà ni wọ́n á da antibody, ìyẹn èròjà tó ń lẹ̀ mọ́ purotéènì tí wọ́n ń wá sí i, èyí tó ń mú ìmọ́lẹ̀ jáde. Bí ìmọ́lẹ̀ náà bá ṣe pọ̀ tó ni purotéènì náà ṣe pọ̀ tó.

Ní oṣù karùn-ún 2025, FDA, àjọ tó ń bójú tó oúnjẹ àti oògùn ní Amẹ́ríkà, fọwọ́ sí àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ Lumipulse ti ilé iṣẹ́ Fujirebio, tó ń fi amyloid 42 pín p-tau217. Ènìyàn 499 ni wọ́n yẹ̀ wò. Nínú àwọn tí ẹ̀jẹ̀ wọn sọ pé amyloid wà lọ́pọlọ wọn, PET tàbí omi ẹ̀yìn jẹ́rìí sí i fún 91.7%, nínú àwọn tó sọ pé kò sí, òótọ́ ni fún 97.3%. Àwọn tí èsì wọn bọ́ sáàárín kò tó 20%, àyẹ̀wò mìíràn ló kàn fún irú wọn.

Àwọn tó ti pé ọdún 55, tí àmì àìsàn ti hàn lára wọn, ni wọ́n ṣe é fún. Kò yẹ kí ẹnikẹ́ni máa tà á fún ẹni tára rẹ̀ le bí àyẹ̀wò ibà, nítorí amyloid lè wà lọ́pọlọ ẹni tí kò ní gbàgbé nǹkan kan títí yóò fi kú. Àrùn kíndìnrín náà máa ń gbé p-tau217 sókè, ẹ̀jẹ̀ ríru àti àtọ̀gbẹ sì ń ba kíndìnrín ọ̀pọ̀ àgbà wa jẹ́. Ó yẹ kí dókítà mọ bí kíndìnrín ṣe ń ṣiṣẹ́ kó tó túmọ̀ èsì náà.

Ohun mìíràn tún wà. Ní 1992 ni àwọn olùwádìí Yunifásítì Ìbàdàn àti ti Indiana ní Amẹ́ríkà bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ̀ lé àwọn àgbà ní Ìdíkàn, n'Ìbàdàn, àti àwọn aláwọ̀ dúdú ní Indianapolis. Ìròyìn wọn ní 2001 ni pé 1.15% nínú àwọn àgbà Yorùbá ni Alzheimer ń bẹ̀rẹ̀ lára wọn lọ́dún, tó sì jẹ́ 2.52% ní Indianapolis. Àbùdá APOE4, tó ń mú kí ewu àrùn náà pọ̀ gan-an fáwọn aláwọ̀ funfun, kò lágbára bẹ́ẹ̀ lára Yorùbá. Aláwọ̀ funfun sì ni ọ̀pọ̀ jù lọ nínú àwọn tí wọ́n fi ẹ̀jẹ̀ wọn pààlà sáàárín èsì tó ga àti èyí tó lọ sílẹ̀. Ẹ̀jẹ̀ àwọn àgbà tiwa náà gbọ́dọ̀ wà nínú ìṣirò ààlà yẹn kí dókítà ní Ìbàdàn tàbí Kútọnu tó gbára lé e.