Ṣíṣọ́ ilé onílé: bí arìnrìn-àjò ṣe ń sùn láìsan owó hòtẹ́ẹ̀lì

Láti Ìjerò dé Ìkọ̀lé, ilé tí a tì pa ló pọ̀ ní Èkìtì. Àwọn ọmọ wa tó wà ní Èkó, ní Lọ́ńdọ̀nù àti ní Kánádà ló kọ́ ọ. Bí Kérésìmesì bá dé, wọ́n á ṣí géètì. Bí ọdún tuntun bá ti wọlé tán, wọ́n á tì í padà. Ọlọ́dẹ tàbí ọmọ ìbátan kan ló máa ń sùn ní yàrá ẹ̀yìn títí ọdún mìíràn á fi yí po. Nítorí náà, house sitting tí àwọn òyìnbó ń ṣe kò ṣàjèjì sí wa pátápátá. Ohun tó yàtọ̀ nínú tiwọn ni pé arìnrìn-àjò ló ń ṣọ́ ilé náà: kò gba owó oṣù, kò sì san owó ilé.

Bó ṣe ń lọ nìyí. Onílé kan fẹ́ rìnrìn àjò, ó sì ní ajá, ológbò tàbí ọgbà tí kò lè dá fi sílẹ̀. Ẹ̀yin náà fẹ́ wá sí ìlú rẹ̀. Ẹ jọ ṣe àdéhùn pé ẹ ó máa sùn nínú ilé rẹ̀, ẹ ó máa bọ́ ẹran ọ̀sìn rẹ̀, ẹ ó máa bomi rin òdòdó, ẹ ó sì máa mójú tó ilé títí á fi dé. Onílé ń jèrè níbẹ̀ dáadáa. Ní ìlú òyìnbó, owó gọbọi ni wọ́n ń san fún ẹni tó ń bá wọn tọ́jú ajá bí wọn kò bá sí nílé. Ní Bírítéènì, ọ̀pọ̀ ilé iṣẹ́ adójútòfò máa ń dín ohun tí wọ́n máa san kù bí ilé bá ti ṣófo ju ọgbọ̀n (30) ọjọ́ lọ. Nígbà òtútù pàápàá, omi lè dì nínú páìpù kí páìpù bẹ́, kí ilé sì kún fún omi láìsí ẹni tó mọ̀.

Orí íntánẹ́ẹ̀tì ni onílé àti aṣọ́lé ti ń rí ara wọn. TrustedHousesitters, tó bẹ̀rẹ̀ ní Bírítéènì ní 2010, ló lókìkí jù. Nomador àti MindMyHouse náà wà. Owó ọdọọdún ni wọ́n sábà máa ń gbà lọ́wọ́ aṣọ́lé. Ẹ ó kọ irú ẹni tí ẹ jẹ́ síbẹ̀, àwọn tí ẹ ti bá ṣọ́lé rí á sì jẹ́rìí yín. Ẹni tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀ kò tíì ní ẹlẹ́rìí, torí náà kó kọ́kọ́ ṣọ́ ilé ojúlùmọ̀ kan nítòsí, kó ní kí onílé náà kọ̀wé fún òun.

Ẹ jẹ́ ká ṣírò owó. Ká ní hòtẹ́ẹ̀lì kan ní Adó ń gba 25,000 náírà lálẹ́ kan. Ọ̀sẹ̀ méjì á jẹ́ 350,000 náírà, ẹ kò sì tíì jẹun. Ẹni tó wà ní hòtẹ́ẹ̀lì á ra oúnjẹ àárọ̀, tọ̀sán àti talẹ́. Ẹni tó wà nínú ilé tó ní kíṣìnì á ra iṣu ní Ọjà Ọba, á gún iyán tirẹ̀. Owó ọkọ̀ àti owó fìsà kò dín o. Owó ilé sísùn àti díẹ̀ nínú owó oúnjẹ nìkan ló ń dín.

Ohun tí ẹ fi ń san owó yẹn ni òmìnira yín. Bí ẹ bá ń ṣọ́ ilé tó ní ajá ní Adó, ẹ lè lọ wo ibi tí omi gbígbóná àti omi tútù ti pàdé ní Ìkògòsì, kí ẹ sì kọjá síbi omi Àrìnta tó ń já láti orí àpáta ní Ìpólé-Ìlórò, ṣùgbọ́n ẹ gbọ́dọ̀ padà wá sùn nílé. Lójú tèmi, ẹni tó fẹ́ fìdí kalẹ̀ síbì kan fún ọ̀sẹ̀ méjì sókè ni ètò yìí bá lára mu. Ẹni tó fẹ́ rí ìlú márùn-ún láàárín ọ̀sẹ̀ kan, kó lọ sí hòtẹ́ẹ̀lì.

Ọ̀rọ̀ fìsà ni mo fẹ́ kí ọmọ Èkìtì fara balẹ̀ gbọ́ jù. Àwọn aṣọ́bodè Amẹ́ríkà lè ka ilé ṣíṣọ́ sí iṣẹ́, bí onílé kò bá tilẹ̀ san kọ́bọ̀, torí pé ibùsùn tí ẹ gbà jẹ́ ẹ̀san. Wọ́n ti dá àwọn tó wá ṣe àbẹ̀wò padà láti pápákọ̀ òfuurufú nítorí rẹ̀. Kì í ṣe pé kí ẹ purọ́ fún wọn. Irọ́ níwájú wọn lè ti ìlẹ̀kùn ìlú yẹn mọ́ yín fún ọdún púpọ̀. Ẹ ka òfin fìsà yín kí ẹ tó gba ilé ẹnikẹ́ni. Bí òfin kò bá gbà á, ẹ fi í sílẹ̀. Bákan náà, ẹnikẹ́ni tó bá ní kí ẹ fi owó ránṣẹ́ kí ẹ tó gba kọ́kọ́rọ́, gbájúẹ̀ ni. Ẹ pe onílé lórí fídíò, kí ó fi inú ilé àti ẹran rẹ̀ hàn yín.

Nílé wa níbí gan-an ni mo ti rí i pé ètò yìí máa wúlò. Ẹ wo olùkọ́ àgbà kan tó ti fẹ̀yìn tì ní Ìkéré, tí ọmọ rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ ní Kánádà. Ìyá fẹ́ lọ wẹ ọmọ fún oṣù mẹ́fà. Ta ni yóò bọ́ ajá àti adìyẹ? Ta ni yóò máa fa omi sí táǹkì? Ohun tí a máa ń ṣe ni pé a ó ju kọ́kọ́rọ́ sí ìbátan kan láìkọ nǹkankan sílẹ̀. Bí Ìyá bá dé, jẹnẹrétọ̀ ti bàjẹ́, àjèjì ti ń gbé nínú yàrá kan, ìjà á sì wọ inú ẹbí. Ẹni tó ń wá ibi tó máa dé sí ní Ìkéré fún oṣù mélòó kan, bí olùkọ́ tó wá ṣe ìwádìí tàbí ọmọ Èkìtì tó fẹ́ wá mọ ilé baba rẹ̀, lè gbé ibẹ̀ kó sì ṣọ́ ọ. Kí wọ́n má ṣe fi bò fún ẹbí, kí aládùúgbò náà sì mọ̀ ọ́n lójú.

Kí wọ́n kọ àdéhùn. Kó hàn nínú rẹ̀ pé aṣọ́lé kì í ṣe ayálégbé, ẹni tó ń ra káàdì mítà àti epo jẹnẹrétọ̀, yàrá tí a tì, bóyá àlejò lè sùn mọ́jú, àti nọ́ńbà dókítà ẹran. Kí àwọn méjèèjì jọ ya fọ́tò yàrá kọ̀ọ̀kan lọ́jọ́ àkọ́kọ́. Kí ìwé náà dárúkọ ọjọ́ tí kọ́kọ́rọ́ máa padà, àti ará àdúgbò tí aṣọ́lé máa fà á lé lọ́wọ́ bí ọjọ́ bá pé tí Ìyá kò tíì dé.