Bí ìṣirò ṣe ń lọ láti JSS dé JAMB l'Ékòó

Ọ̀pọ̀ òbí l'Ékòó kì í bèèrè bí ọmọ ṣe ń ṣe sí nínú ìṣirò títí ọmọ yóò fi wọ SS3, tí ọ̀rọ̀ fífi orúkọ sílẹ̀ fún WAEC, ìdánwò àṣejáde girama, yóò fi délẹ̀. Nígbà yẹn, púpọ̀ nínú ohun tó yẹ kí wọ́n jọ pinnu ti bọ́ lọ́wọ́ wọn. Òpin JSS3 àti táàmù mẹ́ta SS1 ni oríta. Ẹni tó bá mọ bí wọ́n ṣe ń yà níbẹ̀ kò ní ṣì ọ̀nà púpọ̀ níwájú.

Láti 1982 tí ètò 6-3-3-4 ti bẹ̀rẹ̀ ni ọdún mẹ́fà girama ti pín sí méjì: JSS ọdún mẹ́ta, SS ọdún mẹ́ta. Ní JSS1 sí JSS3, ìṣirò kan náà ni gbogbo ọmọ ń ṣe, ì báà jẹ́ King's College, ì báà jẹ́ ilé ìwé aládàáni ní òpópónà kan ní Mushin. Ìdá, ìdá ọgọ́rùn-ún, nọ́ńbà tó ní àmì ìyọkúrò níwájú, áljẹ́bírà kékeré, igun àti àwòrán, ìpíndọ́gba: kò jọ ohun bàbàrà. Ìdánwò BECE ló ń parí rẹ̀. Ṣùgbọ́n àwọn nǹkan kékeré wọ̀nyí gan-an ló ń gbé ọmọ ṣubú ní SS3, a ó rí i láìpẹ́.

Ní SS, ìṣirò di méjì. General Mathematics ni ti gbogbo kíláàsì, sáyẹ́ǹsì, áàtì àti kọmáṣíà. Further Mathematics ni ìkejì, ẹni tó bá yàn án nìkan ló ń ṣe é, àwọn ọmọ sáyẹ́ǹsì ló sì sábà máa ń yàn án. Inú rẹ̀ ni ọmọ ti ń rí kálúkúlọ́ọ̀sì (ìṣirò bí nǹkan ṣe ń yí padà) dé gbòǹgbò, mátíríìsì, bínómíà, fẹ́kítọ̀ àti mẹ̀káníìsì.

Ṣé kí ọmọ ṣe Further Maths? Àwọn tó ń ta fọ́ọ̀mù lẹ́sìnnì á ní láìsí i kò sí ẹnjiníà. Kò rí bẹ́ẹ̀. Further Maths kò sí nínú àwọn iṣẹ́ tí JAMB, àjọ ìdánwò ìwọlé yunifásítì, ń ṣe ìdánwò lé lórí rárá. Mathematics lásán ló wà níbẹ̀. Àǹfààní rẹ̀ ń bẹ níbòmíràn: ọmọ tó wọ ẹ̀ka ẹnjiníà tàbí físíìsì ní Yunifásítì Èkó (UNILAG) l'Akoka tí kò rí kálúkúlọ́ọ̀sì dáadáa rí yóò máa sáré lẹ́yìn kíláàsì ní ọdún àkọ́kọ́. Ohun méjì ló yẹ kí òbí wò kí ó tó fọwọ́ sí i. Èkíní, ṣé olùkọ́ tó ń kọ́ ọ wà ní tòótọ́, àbí olùkọ́ General Maths ni wọ́n ní kó máa fi ọjọ́ Jímọ́ọ̀ dì í mú? Èkejì, ṣé áljẹ́bírà ọmọ náà dúró dáadáa? Ọmọ tó ń gba 45 nínú General Maths tí wọ́n fi Further Maths kún ẹrù rẹ̀ lè pàdánù méjèèjì. Ẹni tó bá fẹ́ sọ̀ ọ́ sílẹ̀, kó tètè ṣe é ní SS1 tàbí ìbẹ̀rẹ̀ SS2, torí iṣẹ́ mẹ́jọ sí mẹ́sàn-án ni WAEC ń gbà, ìyẹn tó bá sì jáde gbọ́dọ̀ ní arọ́pò.

Ìdánwò WAEC fún General Mathematics ní apá méjì. Apá ọ́bújẹ́ẹ̀tífù jẹ́ ìbéèrè 50 ní wákàtí kan ààbọ̀, máàkì 50. Apá tíọ́rì jẹ́ wákàtí méjì ààbọ̀, máàkì 100, ó sì pín sí A àti B. Ìbéèrè márùn-ún ni A, dandan ni gbogbo rẹ̀, máàkì 40. B ní mẹ́jọ, ọmọ yóò mú márùn-ún, máàkì 60. Ìṣẹ́jú 150 fún máàkì 100 túmọ̀ sí ìṣẹ́jú kan ààbọ̀ fún máàkì kan, nítorí náà ìṣẹ́jú 12 ni ìbéèrè kan ní A, ìṣẹ́jú 18 ni ti B. Ọmọ tí wọn kò sọ èyí fún rí yóò jókòó ti ìbéèrè kan ṣoṣo ní A fún ìṣẹ́jú 25, yóò wá máa fi eré sísá parí B tí máàkì pọ̀ sí. Ó sì lè jẹ́ pé nínú mẹ́jọ B, ọ̀kan tàbí méjì wá láti ibi tí sílábọ́ọ̀sì orílẹ̀-èdè mìíràn nínú WAEC ti yàtọ̀ sí tiwa. Kí ọmọ má bẹ̀rù wọn, kó fò wọ́n.

Ìbéèrè gíráàfù ní B jẹ́ ibi ìsinmi fún ẹni tó bá fara balẹ̀. Wọ́n á ní kó kún tábìlì, wọ́n á fún un ní ìwọ̀n tí yóò lò, á fi àmì sí i, á fà á, á kà á. Ohun tó ń bàjẹ́ níbẹ̀ kò ju mẹ́ta lọ: ọmọ yí ìwọ̀n tí wọ́n fún un padà kí àwòrán lè gba ojú ìwé, tàbí kó fi rúlà so àwọn àmì tó yẹ kó fi ọwọ́ fà ní títẹ̀, tàbí kó kọ ìdáhùn tí ó ṣírò dípò èyí tí gíráàfù fún un. Ní ti ìyàwòrán pẹ̀lú kọ́ńpáàsì, ọmọ onímọ̀ọ́tótó máa ń fi rọ́bà nu àwọn ìlà títẹ̀ kéékèèké tó fi kọ́ńpáàsì fà, kí iṣẹ́ rẹ̀ lè mọ́. Àwọn ìlà yẹn gan-an ni ẹ̀rí pé kò fi prótírátọ̀ jí igun náà. Tí kò bá sí wọn, máàkì ọ̀nà ìṣe lọ. Kí kálukú mú irinṣẹ́ tirẹ̀ dání pẹ̀lú, torí òfin kò gba yíyá nínú gbọ̀ngàn.

Olùṣàmì ń fún ọ̀nà ní máàkì, ó ń fún ìdáhùn ní máàkì. Nítorí náà, ọmọ tó kọ ìdáhùn nìkan ń ta ọjà rẹ̀ ní ẹ̀dínwó. Bẹ́ẹ̀ náà ni ẹni tó tètè gé nọ́ńbà kúrú. Ká ní ẹnì kan dúró ní mítà 84 sí ẹsẹ̀ ilé gogoro kan ní Broad Street, tí igun tó fi gbójú sókè wo orí ilé náà jẹ́ 52°. Gíga ilé náà ni 84 × tan 52°. Tan 52° jẹ́ 1.2799, ìdáhùn jẹ́ mítà 107.5. Ọmọ tó sọ ọ́ di 1.3 láti ìbẹ̀rẹ̀ yóò rí 109.2. Ọ̀nà rẹ̀ tọ́, ṣùgbọ́n ó ti fi mítà tó lé ní kan ààbọ̀ kún ilé onílé. Ìgbẹ̀yìn ni gígé nọ́ńbà yẹ.

Àwọn àṣìṣe yìí ṣì fúyẹ́. Èyí tó wúwo ni ti JSS. Ẹ wo ìbéèrè yìí:

2(x − 1)/3 − (x − 3)/2 = 1

Ọmọ SS3 mọ̀ pé kí òun fi 6 sọ gbogbo rẹ̀ di púpọ̀: 4(x − 1) − 3(x − 3) = 6. Ibí yìí ni ọ̀pọ̀ ti ń ṣubú. Wọ́n á kọ 4x − 4 − 3x − 9 = 6, x á sì di 19. Àmì ìyọkúrò tó wà níwájú 3 kò dé ọ̀dọ̀ 3 kejì nínú àkámọ́. Ohun tó tọ́ ni 4x − 4 − 3x + 9 = 6, x = 1. Ẹni tó bá fi 1 padà síbẹ̀ yóò rí i pé apá àkọ́kọ́ di òdo, apá kejì sì fún un ní 1. JSS2 ni wọ́n ti kọ́ ọ. Ní SS3, àṣìṣe kan yìí yóò bá a nínú kuadirátíìkì, yóò bá a nínú físíìsì, yóò bá a nínú lọ́gì, olùkọ́ lẹ́sìnnì ní Yaba tàbí Ojúẹlẹ́gbà á sì máa rò pé kuadirátíìkì ni kò yé e. Ìdí nìyí tí past question lásán kì í fi í wo àrùn náà. Ó tọ́ kí olùkọ́ kọ́kọ́ fún ọmọ ní ìbéèrè JSS fún nǹkan bí ogún ìṣẹ́jú, lórí ìdá, àmì ìyọkúrò, ìdá ọgọ́rùn-ún àti yíyí fọ́múlà padà, kó tó mọ ibi tí yóò ti bẹ̀rẹ̀.

JAMB yàtọ̀ pátápátá. Orí kọ̀ǹpútà ni, ìbéèrè 180 fún wákàtí méjì: Gẹ̀ẹ́sì 60, iṣẹ́ mẹ́ta yòókù 40, 40. Ó jẹ́ ìṣẹ́jú àáyá 40 fún ìbéèrè kan, bẹ́ẹ̀ ni wọn kì í jẹ́ kí ẹnikẹ́ni mú kálukulétọ̀ tirẹ̀ wọlé. Èyí tó wà lójú kọ̀ǹpútà ló máa lò. Ọmọ tí kò lè ṣe 3/8 ti 240 lórí láìtẹ nǹkan kan yóò pẹ́. Ẹni tó fẹ́ ṣe ẹnjiníà yóò mú Mathematics, Físíìsì àti Kẹ́mísírì mọ́ Gẹ̀ẹ́sì. Ẹni tó fẹ́ ìṣírò owó yóò mú Mathematics àti Ẹkonọ́míìsì, pẹ̀lú ọ̀kan sí i. Ìmọ̀ ìṣègùn kò ní Mathematics nínú JAMB: Báyọ́lọ́jì, Kẹ́mísírì àti Físíìsì ni. Èyí ló ń tan àwọn ọmọ jẹ, tí wọ́n á fi ìṣirò sílẹ̀, nígbà tí yunifásítì ṣì ń bèèrè kírẹ́díìtì Mathematics nínú WAEC lọ́wọ́ ẹni tó fẹ́ di dókítà. Ojú ìkànnì IBASS ti JAMB ni kí ẹ ti wo ohun tí ẹ̀ka kọ̀ọ̀kan ń bèèrè, kì í ṣe ẹnu ọ̀rẹ́.

Ní oṣù Ọ̀wàrà 2025, Ilé-iṣẹ́ Ètò Ẹ̀kọ́ ìjọba àpapọ̀ kéde pé kírẹ́díìtì ìṣirò kò ní jẹ́ dandan mọ́ fún àwọn tó fẹ́ wọ ẹ̀ka áàtì ní ilé ẹ̀kọ́ gíga. Inú ọ̀pọ̀ ọmọ dùn, àwọn kan sì rò pé àwọn ti bọ́ lọ́wọ́ ìṣirò. Ìjọba wá ṣàlàyé pé dandan ṣì ni kí gbogbo ọmọ forúkọ sílẹ̀ fún un nínú ìdánwò àṣejáde. Ọmọ áàtì tí kò ní kírẹ́díìtì rẹ̀, tó bá sì yí ọkàn padà lọ́la, tó fẹ́ ṣe ẹkonọ́míìsì, kò ní rí ibi tí yóò gbà.

Ẹni tó bá gba D7 ṣì ní ọ̀nà. Kírẹ́díìtì parí sí C6, D7 kò wọ inú rẹ̀. NECO, ìdánwò àṣejáde mìíràn, máa ń tẹ̀ lé WAEC lọ́dún kan náà. WAEC tí àwọn ènìyàn ń pè ní GCE sì wà lẹ́ẹ̀mejì lọ́dún fún ẹni tí kò sí nílé ìwé mọ́. JUPEB, ètò ìgbaradì fún yunifásítì tí UNILAG ń darí, jẹ́ ọdún kan lórí iṣẹ́ mẹ́ta, ó sì ń gbé ọmọ lọ sí 200 level (ọdún kejì), ṣùgbọ́n kò pa kírẹ́díìtì WAEC rẹ́. Ọ̀nà ND (díplómà ti pólítẹ́kíníìkì) wà ní YabaTech. Ọmọ tó ń tọ ilé ẹ̀kọ́ iṣẹ́ ọwọ́ bíi ti Àgídíńgbí lè ṣe ìdánwò NABTEB, ìṣirò wà nínú ìyẹn náà.

Kí ọmọ tó fi owó sí GCE, kó wo bí ilé ìwé tó ń lọ ṣe ń ka ìjókòó, ìyẹn iye ìgbà tí èèyàn ṣe ìdánwò kí kírẹ́díìtì rẹ̀ tó pé. Àwọn kan gba kí èèyàn so èsì méjì pọ̀, àwọn mìíràn fẹ́ kí gbogbo rẹ̀ wá láti ìjókòó kan. Níbi tí wọ́n bá ti ń bèèrè ìjókòó kan, ìṣirò nìkan kò ní tó láti tún ṣe: Gẹ̀ẹ́sì, Físíìsì, Kẹ́mísírì àti ìyókù nínú iṣẹ́ márùn-ún tí ẹ̀ka náà ń fẹ́ ni yóò tún jókòó sí pẹ̀lú rẹ̀.