Ewé Tó Yẹ Adágún Inú Ọgbà

Ojúoró ní í lékè omi, òṣíbàtà ní í lékè odò. Ẹni tó bá gbẹ́ adágún kékeré sí ọgbà ilé ní Adó-Èkìtì, tó sì ju ojúoró méjì péré sínú rẹ̀, yóò rí i pé àdúrà yìí tètè ń gbà jù.

Ìgbẹ́ ẹja àti ewé tó ń jábọ́ ń di ajílẹ̀ nínú omi. Bí oòrùn bá tún ń ràn sí i tààrà, omi náà á di àwọ̀ ewé, a ò ní rí ìsàlẹ̀ mọ́. Ewéko ló ń jẹ ajílẹ̀ ọ̀hún, òun náà ló ń ṣíji bo omi. Ṣùgbọ́n kó má bo ju ìdá méjì nínú mẹ́ta ojú omi lọ. Lọ́sàn-án, ewéko abẹ́ omi ń tú afẹ́fẹ́ tí ẹja ń mí sílẹ̀. Tó bá di òru, òun náà ń mí, ó ń bá ẹja du ìwọ̀nba tó wà. Bí ẹja bá ń yọ ẹnu sókè ní ìdájí, kí a kọ́kọ́ wo bí ewé ṣe pọ̀ tó.

Òṣíbàtà ni kí a fi bẹ̀rẹ̀. Amọ̀ ni kí a gbìn ín sí nínú abọ́ fífẹ̀, kì í ṣe ilẹ̀dú, torí ọ̀rá ilẹ̀dú á yọ́ sínú omi. Kí a da òkúta wẹ́wẹ́ lé e, kí àrọ̀ má baà hú u. Èpìyà ní tirẹ̀, ewé tútù ló ń jẹ. A ó gbé abọ́ náà lé búlọ́ọ̀kù, a ó sì máa sọ̀ ọ́ kalẹ̀ bí ewé ṣe ń gùn, títí yóò fi wọ ẹsẹ̀ bàtà kan sí méjì. Òṣíbàtà funfun ti odò wa, alẹ́ ló ń tanná, á sì padé bí oòrùn bá ti ń mú: òdòdó ẹni tó ń ti ibi iṣẹ́ dé nìyẹn.

Ojúoró kò nílò amọ̀. Gbòǹgbò rẹ̀ tó rọ̀ dirodiro ń fa ajílẹ̀ mu dáadáa, àmọ́ ọmọ ló ń bí láìsinmi. Ẹ̀fọn kan sì wà, Mansonia, tí tanwíjí rẹ̀ ń gún gbòǹgbò ojúoró láti mí lábẹ́ omi. Kì í jáde wá sójú omi bíi ti ẹgbẹ́ rẹ̀, nítorí náà ó ṣòro pa. Kí a máa kó ojúoró dànù lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, sórí ààtàn, kì í ṣe sódò. Water hyacinth olódòdó àlùkò ńkọ́? Kó má tilẹ̀ wọlé. Láti 1984 tó ti gba Àgbádárìgì wọ Nàìjíríà, àwọn apẹja ọ̀sà kò tíì bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀.

Kókò inú àkùrọ̀ ló dára létí omi. Ó ń fara da ẹrẹ̀, kì í sì í tètè kú bí omi bá fà sẹ́yìn nígbà ẹ̀ẹ̀rùn.

Bó bá jẹ́ sìmẹ́ńtì tuntun ni a fi mọ adágún, kí a má tíì gbin nǹkan kan. Kí a pọn omi kún un, kó wà bẹ́ẹ̀ fún ọjọ́ mélòó kan, kí a gbọ́n ọn dànù, kí a tún un ṣe lẹ́ẹ̀mejì tàbí lẹ́ẹ̀mẹta kí òṣíbàtà àkọ́kọ́ tó wọlé.