Ọmọ Ọdún 16 Tó Di "Ọkùnrin" Nínú Ìròyìn

Lọ́jọ́ tí àwọn ọmọ ilé ìwé gírámà bá ń parí ìdánwò WAEC ní Kàbà, ariwo wọn ni yóò kọ́kọ́ dé etí yín kí ẹ tó rí wọn. Wọn á fi báírò kọ orúkọ ara wọn sára aṣọ funfun tí wọ́n ti ń wọ̀ lọ síléèwé, wọn á ya fọ́tò, àwọn mìíràn á dì mọ́ra wọn, wọn á máa sunkún. Ọ̀kan nínú irú fọ́tò bẹ́ẹ̀ ni ìyá kan ládùúgbò mi gbé wá bá mi nílé. Ó kúnlẹ̀, ó kí mi bí a ṣe ń kí ara wa nílẹ̀ Òkun, ó ní, "Òkun o, Bàbá. Ẹ̀yin lẹ ti ṣiṣẹ́ ìròyìn, ẹ bá mi wo ohun tí wọ́n fi ọmọ mi ṣe."

Ọmọ rẹ̀, ọmọ ọdún 15, wà láàárín fọ́tò náà, ó ń rẹ́rìn-ín. Àkọlé tó wà lókè rẹ̀ sọ pé àwọn ọ̀dọ́ ẹgbẹ́ òkùnkùn ti da ìgboro rú. Ìlú mìíràn ni ìjà yẹn ti ṣẹlẹ̀. Ojú ìwé ìròyìn orí ayélujára kan ló ń wá àwòrán tí yóò fi ṣe ìròyìn lọ́ṣọ̀ọ́, ó rí èyí lórí Facebook, ó sì lẹ̀ ẹ́ mọ́ ọn.

Ọdún 22 ni mo fi ṣe olóòtú ìròyìn kí n tó fẹ̀yìn tì wá sílé. Ìyá náà bi mí pé kí ló dé tí wọ́n kórìíra àwọn ọmọ wa tó bẹ́ẹ̀. Mo sọ fún un pé ọ̀rọ̀ náà kì í sábà jẹ́ ìkórìíra. Ọ̀nà tí ìròyìn ń gbà dé ọwọ́ wa ló fà á, ó sì yẹ kí ẹ̀yin òbí mọ ọ̀nà náà.

Ọ̀pọ̀ akọ̀ròyìn tó ń ṣojú àwọn ìwé ìròyìn ńlá ní ìpínlẹ̀ Kogí, Lọ́kọ́ja ni wọ́n ń gbé. Bí nǹkan bá ṣẹlẹ̀ ní Ẹ̀gbẹ̀, ní Ìsánlú tàbí ní Mọ̀pà, orí fóònù ni wọ́n ti ń gbọ́ ọ. Ohun tó sì rọrùn jù láti kọ ni ìwé tí alukoro ọlọ́pàá bá fi ránṣẹ́: orúkọ wà níbẹ̀, ọjọ́ orí wà níbẹ̀, ẹ̀sùn wà níbẹ̀. Olóòtú tí aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ ti lù mọ́ lórí á gbà á, á fi àkọlé sí i, ó parí. Ọ̀rọ̀ ẹnu ọmọ tí wọ́n fẹ̀sùn kàn kò sí nínú ìwé yẹn. Ọ̀rọ̀ ìyá rẹ̀ kò sí níbẹ̀, ti olùkọ́ rẹ̀ náà kò sí. Àgbà tó wà nínú yàrá ìròyìn mọ òwe pé agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà ni. Síbẹ̀ ojoojúmọ́ la ń gbọ́ ẹjọ́ ẹnìkan, tí a sì ń tẹ̀ ẹ́ jáde.

Ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ pé ẹnu ọ̀nà méjì péré ni ọmọ tí kò tíì pé ogún ọdún fi ń wọ inú ìwé ìròyìn wa. Ọ̀kan ni àgọ́ ọlọ́pàá. Èkejì ni ọjọ́ tí èsì ìdánwò bá jáde, tí ọmọ kan gba A mẹ́sàn-án, tí wọ́n sì ní kó dúró sáàárín gómìnà àti kọmíṣọ́nnà. Ọmọ tó ń bá ìyá rẹ̀ bó ẹ̀gẹ́ títí ilẹ̀ fi ṣú, tó ń tẹ̀ lé bàbá rẹ̀ lọ kọ ebè lọ́jọ́ Sátidé, tó ń kọ́ àbúrò rẹ̀ ní ìṣirò lábẹ́ iná tọ́ọ̀ṣì, irú ọmọ bẹ́ẹ̀ ló pọ̀ jù nílẹ̀ Òkun wa, láti Bùnú dé Yàgbà. Ẹ kò lè rí i nínú ìròyìn láéláé, nítorí kò sí alukoro tó ń kọ̀wé nípa rẹ̀.

Ibi tí ọ̀rọ̀ náà ti dùn mí jù ni orúkọ tí à ń pè wọ́n.

Ẹ mú ọ̀rọ̀ náà "ọ̀dọ́". Ìlànà ìjọba àpapọ̀ lórí ọ̀rọ̀ ọ̀dọ́, èyí tó jáde ní 2019, sọ pé ọmọ ọdún 15 sí 29 ni ọ̀dọ́. Ìwé àdéhùn àwọn orílẹ̀-èdè Áfíríkà gbé e dé ọdún 35. Nítorí náà, bí ọwọ́ bá tẹ ọkùnrin mẹ́ta, ẹni ọdún 33, pé wọ́n dá ọkọ̀ lọ́nà, tí a wá kọ ọ́ pé "Ọlọ́pàá mú ọ̀dọ́ mẹ́ta", a kò purọ́. Ṣùgbọ́n ta ni ẹni tó ń kà á rí? Ọmọ ilé kejì tó dá irun sí, tó ń gbọ́ orin nínú yàrá rẹ̀ ló rí. Ẹ̀ṣẹ̀ bàbá ọlọ́mọ mẹ́ta ti di ti ọmọ tó ń kàwé fún ìdánwò.

Ẹ tún wo bí ọ̀rọ̀ ṣe ń yí padà. Nígbà kan tí mò ń to àwọn ìwé ìròyìn wa àtijọ́ jọ, mo rí méjì tí èmi fúnra mi fọwọ́ sí láàárín oṣù kan ṣoṣo. Nínú àkọ́kọ́, ọmọ ọdún 16 kan kú sínú odò, a pè é ní "ọmọdékùnrin". Nínú èkejì, ọmọ ọdún 16 mìíràn jí fóònù, a pè é ní "ọkùnrin kan", nígbà tó sì máa fi di ìlà kẹta, ó ti di "jàǹdùkú". Ọjọ́ orí kan náà ni. Ẹni tó kú jẹ́ ọmọ gbogbo wa, ẹni tó ṣẹ̀ kò jẹ́ ọmọ ẹnikẹ́ni mọ́. Kò sẹ́ni tó ṣàkíyèsí rẹ̀ nígbà náà, èmi náà kò ṣàkíyèsí.

Ti àwọn ọmọbìnrin tún yàtọ̀. Nígbà tí wọ́n jí àwọn ọmọbìnrin 276 gbé ní Chibok ní oṣù kẹrin 2014, iye wọn ni gbogbo ayé kọ́kọ́ mọ̀, pẹ̀lú àwòrán wọn nínú ìbòrí. Akẹ́kọ̀ọ́ ni wọ́n, wọ́n padà wá síléèwé láti wá ṣe ìdánwò àṣejáde ni. Ìwọ̀nba ìròyìn ló bèèrè ohun tí ẹnì kọ̀ọ̀kan wọn fẹ́ dà.

Àìsàn yìí kì í ṣe ti orílẹ̀-èdè wa nìkan. Ní 1989, wọ́n fipá bá obìnrin kan tó ń sáré ìdárayá lò nínú ọgbà Central Park ní New York, wọ́n sì lù ú dójú ikú. Ọlọ́pàá mú ọmọ márùn-ún, aláwọ̀ dúdú àti ọmọ ìran Latino, tí ọjọ́ orí wọn wà láàárín 14 sí 16. Àwọn ìwé ìròyìn ibẹ̀ pè wọ́n ní agbo ìkookò kí adájọ́ tó gbọ́ ẹjọ́ wọn. Wọ́n ṣẹ̀wọ̀n. Ní 2002, ọkùnrin kan jẹ́wọ́ pé òun nìkan ló ṣe é, àyẹ̀wò DNA sì bá ọ̀rọ̀ rẹ̀ mu, ilé ẹjọ́ wá fagi lé ìdájọ́ àwọn ọmọ náà. Ọdún mẹ́tàlá ti lọ. Ẹni tó ka àkọlé ti 1989 lè má ka ti 2002 rárá.

Nílé níbí, ní ọjọ́ kìíní oṣù kọkànlá 2024, wọ́n gbé èèyàn 76 wá sí ilé ẹjọ́ gíga ìjọba àpapọ̀ ní Àbújá nítorí ìwọ́de tí wọ́n fi tako ìṣèjọba búburú ní oṣù kẹjọ ọdún náà. Àwọn ọmọdé wà lára wọn, wọ́n rù hangogo, àwọn kan ṣubú lulẹ̀ níwájú adájọ́. Ìgbà yẹn ni ọ̀pọ̀ ilé ìròyìn ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í kọ ọ̀rọ̀ náà "ọmọdé". Láàárín ọjọ́ mélòó kan, Ààrẹ pàṣẹ pé kí wọ́n tú wọn sílẹ̀. Mo máa ń rò ó pé bí a bá ti ń pè wọ́n ní ọmọdé láti oṣù kẹjọ, ṣé wọn ì bá pẹ́ tó bẹ́ẹ̀ ní àtìmọ́lé?

Òfin kò dákẹ́. Òfin Ẹ̀tọ́ Ọmọ ti 2003 sọ pé ẹni tí kò tíì pé ọdún 18, ọmọ ni. Ó sì ka gbígbé ohunkóhun jáde tó lè jẹ́ kí aráyé dá ọmọ tí wọ́n fẹ̀sùn kàn mọ̀ léèwọ̀. Ìlànà ìwà àwọn oníròyìn tí wọ́n fọwọ́ sí ní Ìlọrin ní 1998 náà ní kí akọ̀ròyìn má dárúkọ ọmọ tí kò tíì pé ọdún 16, kó má sì fi àwòrán rẹ̀ hàn, nínú ẹjọ́ ìwà ọ̀daràn tàbí ti ìfipábánilòpọ̀, yálà òun ló ṣe é, òun ni wọ́n ṣe é sí, tàbí ó kàn jẹ́ ẹlẹ́rìí.

Nítorí náà, bí ó bá kan ọmọ yín, ẹ má kàn máa bínú nílé. Kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀ ohunkóhun, ẹ ya àwòrán ojú ìwé náà sórí fóònù yín pẹ̀lú ọjọ́ àti àkọlé rẹ̀, nítorí wọ́n lè pa á rẹ́ kí wọ́n wá ní àwọn kò gbé e rí. Ẹ kọ lẹ́tà sí olóòtú, ẹ má ṣe é gùn: ẹ sọ ọjọ́ orí ọmọ, ẹ sọ ohun tí kò rí bẹ́ẹ̀, ẹ sọ ohun tí ẹ fẹ́, ìyẹn ni pé kí wọ́n yọ àwòrán náà kúrò kí wọ́n sì tọrọ àforíjì ní ibi kan náà. Olóòtú máa ń bẹ̀rù lẹ́tà tó ní ọjọ́ àti òfin nínú ju èébú lọ, mo mọ èyí dájú. Bí wọn kò bá dáhùn, ẹ kọ̀wé sí àjọ Nigerian Press Council ní Àbújá bó bá jẹ́ ìwé ìròyìn, tàbí NBC, àjọ tó ń bójú tó ìgbóhùnsáfẹ́fẹ́, bó bá jẹ́ rédíò tàbí tẹlifíṣọ̀n. Ẹ sì jọ̀wọ́, ẹ má fi àwòrán náà ránṣẹ́ sí ẹgbẹ́ WhatsApp ìdílé pé kí wọ́n wá wò ó. Bẹ́ẹ̀ ló ṣe ń dé ibi tí kò yẹ kó dé.

Èmi àti ìyá yẹn jọ kọ lẹ́tà tirẹ̀ lórí tábìlì mi. Ní ọjọ́ kẹrin, wọ́n yọ fọ́tò náà, wọn kò tọrọ àforíjì. A ti kọ èkejì. Ọmọ náà ti fọ aṣọ funfun yẹn lẹ́ẹ̀mẹta, kí orúkọ àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ lè kúrò lára rẹ̀. Ìyá rẹ̀ gbà á lọ́wọ́ rẹ̀, ó ká a, ó fi í sísàlẹ̀ àpótí.